Ẹ Bi Wá: Àga, Tábìlì àti Ẹ̀yìn Òṣìṣẹ́

Àga, tábìlì àti pákó ni gbogbo ìbéèrè oṣù yìí dá lé. A gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa. Òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án ni wá, ẹni mẹ́fà nínú wa ló sì ń ké ẹ̀yìn àti ọrùn. Alága ní ká ta gbogbo àga tó wà ńlẹ̀, ká lọ kó tuntun wá láti Ìbàdàn. Ṣé ìyẹn á tán an?
*Akọ̀wé ẹgbẹ́, Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ẹ bá wa bẹ alága kó fọwọ́ mú owó yẹn ná. Lọ́pọ̀ ọ́fíìsì, àga kọ́ ló jẹ̀bi jù, tábìlì ni. Àwọn káfíńtà wa ti sọ ínṣì 30 di òfin. Gíga yẹn bá ẹni tó ń fi báírò kọ̀wé mu díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ga jù fún ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà láti àárọ̀.

Ẹ mú tépù. Kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wọ bàtà tó máa ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́, kó jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ dáadáa. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń ká. Gíga ìjókòó rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kó jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kó ká apá síwájú. Ẹ wọ̀n ọ́n láti orí ìjókòó dé abẹ́ ìgbọ̀nwọ́. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ibi tó yẹ kí kíbọọ̀dù wà nìyẹn. Obìnrin tí ìwọ̀n àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 16, tí ìkejì jẹ́ 9, ínṣì 25 ló tọ́ sí i. Ẹ wá gbé e sídìí tábìlì ínṣì 30! Èjìká rẹ̀ ò ní sọ̀ kalẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, ọrùn ló sì máa san gbèsè náà.

Bí tábìlì bá jẹ́ onígi, tó sì jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń lò ó, ẹ gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ínṣì 2 sí 3 ti tó láti mú ìyàtọ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ rẹ̀: itan nílò àyè ínṣì 6 sí 7 lókè ìjókòó. Dúrọ́ọ̀ àárín ló sábà máa ń gba àyè yẹn. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Bí tábìlì bá jẹ́ onírin, tàbí tí àwọn èèyàn ń pín in lò, àga ni kẹ́ ẹ gbé sókè títí ìgbọ̀nwọ́ á fi bá tábìlì dọ́gba, kẹ́ ẹ wá fi àjákù pákó kan ìtẹsẹ̀ tó fẹ̀ ní ínṣì 18, tó jìn ní ínṣì 12. Iye ínṣì tẹ́ ẹ fi gbé àga sókè ni gíga rẹ̀. Kí ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa wà fi nǹkan bí ínṣì 2 ga ju ibi tí gìgísẹ̀ máa wà lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni káfíńtà máa fi kàn án.

Ó wá ku àwọn àga tí alága fẹ́ tà. Bí ìjókòó bá ti rì débi pé ẹ ń gbọ́ pákó abẹ́ rẹ̀ ní ìdí, fóòmù ló kú, àga ò kú. Ẹ ra fóòmù míì, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu ọlọ́jà ra á, ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ fi rà á. Ẹyọ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 sí 50, tó nípọn ní 10, yẹ kó wúwo tó gíráàmù 750 sí 900 lórí òṣùwọ̀n. Bí kò bá ju 450 lọ, fóòmù ìrọ̀rí ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, kò sì ní lo ọdún kan lábẹ́ àgbàlagbà. Kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ lu ihò bíi 8 sí pákó ìjókòó, kí atẹ́gùn lè máa jáde nígbà tí èèyàn bá jókò ó lé e, kó sì padà wọlé nígbà tó bá dìde. Aṣọ tí wọ́n bò láìsí ihò lábẹ́ kì í pẹ́ ya lójú rírán.

Ẹ wo jíjìn ìjókòó pẹ̀lú. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ̀yìn ti àga, ìka mẹ́ta yẹ kó lè wọ àárín etí ìjókòó àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀. Tí kò bá wọ̀, ìjókòó ti jìn jù fún un nìyẹn, kò sì ní lè fẹ̀yìn tì í láé, etí àga ló máa jókòó lé. Ẹ fi tìmùtìmù tó nípọn ní ínṣì 2 sí 3 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí àga bá bá mu, àmọ́ tí ìbàdí ń ro, kó ká táwẹ́ẹ̀lì, kó fi há ibi tí ẹ̀yìn ti tẹ̀ wọnú, ínṣì 7 sí 9 lókè ìjókòó.

Láàtọ́ọ̀pù ni ọ̀tá ọrùn tó kù. Tí ọwọ́ bá bá kíbọọ̀dù rẹ̀ mu, ojú ní láti wolẹ̀. Tí ojú bá bá a mu, ọwọ́ ní láti gòkè. Ẹ gbé e lórí àpótí ínṣì 5 tàbí 6, kí òkè ojú rẹ̀ bá ojú òṣìṣẹ́ dọ́gba, kó sì jìnnà tó bí apá ṣe gùn. Ẹ wá ra kíbọọ̀dù àti máòsì lọ́tọ̀. Ẹni tó ń lo awò onípele méjì, kó sọ tirẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kó má bàa máa gbé àgbọ̀n sókè kó tó ríran. Ẹ má kọjú ẹnikẹ́ni sí fèrèsé, ẹ má sì kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí i. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ìmọ́lẹ̀ ti wọlé. Fèrèsé ìlà oòrùn àti ti ìwọ̀ oòrùn ló ń mú oòrùn pẹlẹbẹ wọlé. Bí ẹ bá lè yàn, ẹ kó àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà lọ sí apá àríwá ilé.

Ohun kan ṣì wà tí owó kò lè rà: kí wọ́n máa dìde. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n dìde fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Bí ẹ bá sọ ọ́ lásán, wọn ò ní ṣe é. Ẹ gbé omi mímu àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ sí igun tó jìnnà jù, wọ́n á dìde fúnra wọn.

Mo gba iṣẹ́ tábìlì ogún fún ọ́fíìsì kan. Igi ìrókò àti igi ọmọ ni mo lò, mo sì fi síílà (ọ̀dà àkọ́kùn tó ń dí ojú igi) àti fáníṣì gbé e jáde dáadáa. Nígbà tí ọyẹ́ dé, mọ́kànlá nínú wọn la lójú, àwọn kan sì tẹ̀ bí abọ́. Oníbàárà ní n wá kó wọn. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?
*Káfíńtà, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ọ̀gá, pákó yín ò gbẹ. Ohun kejì tún ni pé, ó jọ pé ẹ fi ṣíkúrù de ojú tábìlì mọ́ férémù débi tí kò lè mira.

Pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní sómììlì lè gbé omi tó ju ìdajì ìwọ̀n igi gbígbẹ rẹ̀ lọ. Kì í súnkì títí omi inú rẹ̀ á fi já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 28 tàbí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Pákó tí ọwọ́ bá gbà pé ó ti gbẹ lè ṣì wà ní 20. Ọ́fíìsì wa ń fẹ́ 12 sí 14. Èyí tó ń tan ẹ̀rọ amúlétutù láti àárọ̀ dé alẹ́ ń fẹ́ 10 sí 12. Ìyókù omi yẹn máa jáde nínú ọ́fíìsì oníbàárà, fáníṣì ò sì lè dá a dúró. Ó kàn máa mú un falẹ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyí. Ẹ wá ibi tí òrùlé wà, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí. Ẹ to búlọ́ọ̀kù kó ga ní ínṣì 18 sílẹ̀, kí ó tẹ́jú. Ẹ fi ọ̀pá igi gbígbẹ tó nípọn ní ínṣì 1 sí àárín ìpele pákó kan àti èkejì, ínṣì 18 sí 24 síra wọn. Kí gbogbo ọ̀pá náà wà lórí ara wọn gan-an láti ìsàlẹ̀ dókè. Ibi tí ọ̀pá bá ti yẹ̀, ibẹ̀ ni pákó máa tẹ̀ sí. Ọjọ́ tí pákó dé ni kẹ́ ẹ fi ọ̀dà àjẹkù kun orí rẹ̀ méjèèjì, torí pé orí ni omi ti ń yára jáde jù, òun ló ń fa lílà tó máa ń ti orí wọnú. Ẹ gbé ẹrù lé òkè. Pákó ínṣì 1 tí igi rẹ̀ fúyẹ́, bí arère àti afàrà, lè gbẹ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin nígbà ẹ̀rùn. Ìrókò ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó nípọn ní ínṣì 2 máa gbà ju ìlọ́po méjì àkókò yẹn. 

Ẹ má gbà á gbọ́ títí ẹ óò fi wọ̀n ọ́n. Ẹ gé ẹyọ kan tó fẹ̀ ní ínṣì 1 láti inú pákó, ẹsẹ̀ bàtà kan sí orí rẹ̀. Orí máa ń gbẹ ṣáájú, á purọ́ fún yín. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníkéèkì ń lò. Ẹ fi sínú ófùùnù ní ìwọ̀n 103 lórí Celsius, kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n títí kò fi ní yí padà mọ́. Bó bá jẹ́ gíráàmù 190 ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sì dúró sí 165, ẹ yọ 165 kúrò, ó ku 25. Ẹ pín 25 sí ọ̀nà 165, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìpín nínú ọgọ́rùn-ún: díẹ̀ lé ní 15 ni. Kò tíì tó. Mítà omi igi wà fún títà, ó sì yá ju èyí lọ; ẹni tó bá ń gba iṣẹ́ ogún tábìlì yẹ kó ní ọ̀kan.

Ní ti ṣíkúrù: igi kì í fi gígùn súnkì lọ títí, ìbú ló fi ń súnkì. Ojú tábìlì tó fẹ̀ ní ínṣì 24 lè súnkì tàbí wú ní nǹkan bíi mìlímítà 6 láàárín òjò àti ọyẹ́. Bí ẹ bá fi ṣíkúrù há a mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kò ríbi lọ, ó di dandan kó la. Ihò tó wà lára férémù ni kẹ́ ẹ sọ di gígùn, kó gùn ní mìlímítà 10 sí ọ̀nà ìbú, kẹ́ ẹ fi wáṣà sábẹ́ orí ṣíkúrù, kẹ́ ẹ má sì fún un pa. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó tóóró-tóóró, ínṣì 4 tàbí 5, pọ̀. Pákó fífẹ̀ kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ bí abọ́. Kí ìsàlẹ̀ tábìlì náà jẹ iye fáníṣì tí òkè jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń fi síílà sí òkè nìkan torí pé oníbàárà ò ní wo abẹ́. Omi máa gba abẹ́ jáde, òkè á dúró, tábìlì á ká.

Àwọn mọ́kànlá yẹn ṣì ṣe é gbà là. Ní báyìí tí wọ́n ti gbẹ, ẹ tú wọn, ẹ là wọ́n ní ojú ibi tó ti la, ẹ fá etí wọn, ẹ tún wọn lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lórí igi tẹ́ ẹ máa yàn nígbà míì: mẹ́línà àti tíìkì tí wọ́n gbìn wà, àti máńgòrò àti kajú tó ti dàgbà jù láti so, tí ìlú yín ò ṣaláìní. Máńgòrò ń ṣe tábìlì tó rẹwà, àmọ́ kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá là á ni kẹ́ ẹ ti fún un lóògùn. Igi apá àti igi ọ̀gànwó ti wọ ìwé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ewéko àti ẹranko tó ń ṣọ̀wọ́n, láti ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Panama ní 2022. Kò ní kẹ́ ẹ má lò ó nílé, ṣùgbọ́n pákó rẹ̀ kò lè kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Bí oníbàárà yín bá ń ronú láti kó pákó rẹ̀ lọ sókè òkun, ẹ ti sọ fún un kó tó sanwó.

Ṣé mo lè fi òróró ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú kun ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì nítorí ikán?
*Arówómọlẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́*

Rárá o. Kì í gbẹ, ó ń rùn, ó ń gba ara fáìlì àti aṣọ wọlé, irin olóró tó yọ́ láti inú ẹ́ńjìnnì sì wà nínú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà kì í sì lẹ̀ mọ́ igi tó bá ti mu ún. Ẹ po gíráàmù 600 bọ́rásì àti gíráàmù 400 boric acid sínú lítà omi gbígbóná 10, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kí igi tó jẹ síílà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ sì gbé ìyókù jìnnà sí ọmọdé. Omi òjò máa ń fọ oògùn yìí dànù, nítorí náà inú ilé nìkan ló wà fún. Ibi funfun tó sún mọ́ èèpo ni kẹ́ ẹ fún ní jù; ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń rí oúnjẹ, kódà lára ìrókò.

A kó sínú ọ́fíìsì tuntun, gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ MDF, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń ta wá, tí ọ̀fun ń gbẹ. Wọ́n ní òórùn nǹkan tuntun lásán ni.
*Òṣìṣẹ́bìnrin kan, Òwódé, Ọ̀yọ́*

Gáàsì kan tó ń jẹ́ formaldehyde ni ẹ ń gbóòórùn. Inú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi po ìyẹ̀fun igi náà ló ti ń jáde. Àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ lára èèyàn ní 2004. Kì í ṣe pé ẹ máa dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́la, ṣùgbọ́n ẹni tó ní “lásán ni” kò sọ òótọ́ fún yín.

Ooru àti ọ̀rinrin ló ń mú un jáde púpọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, torí pé afẹ́fẹ́ kan náà ni ẹ̀rọ yẹn ń yí po. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ṣí fèrèsé ọ̀tún àti tòsì lẹ́ẹ̀kan náà ní àárọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ mọ́jú. Kí káfíńtà wá wo ojú tí wọn ò bò: ẹ̀yìn, abẹ́, etí, àti inú ihò tí wọ́n lu fún wáyà. Kó lẹ ọ̀já ìbo-etí (edge tape) sí etí, kó fi fáníṣì kun ìyókù lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbọdọ̀ fá a. Fífín òórùn dídùn sí i kò ṣe nǹkan kan, ó tún fi kẹ́míkà míì kún un ni. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ béèrè èyí tí wọ́n tẹ E1 sí lára, ìyẹn àmì pé formaldehyde tó ń jáde lára rẹ̀ kéré, kẹ́ ẹ sì fi ẹsẹ̀ ike tó ga ní ínṣì 1 sábẹ́ rẹ̀, torí omi tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀. MDF tó bá ti mu omi wú kì í padà bọ̀ sípò.

Àga yíyí mi máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bí mo bá jókò ó lé e. Ẹnì kan ní ká fi iná jó ìdí rẹ̀ pọ̀.
*Ìsàlẹ̀-Afọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ẹ má jẹ́ kí ẹni yẹn sún mọ́ ọn! Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ inú ọ̀pá yẹn lágbára gan-an. Bí iná tàbí ayùn bá kàn án, ó lè bú. Rọ́bà inú rẹ̀ ló ti jẹ, kò sì ṣe é tún ṣe, pípààrọ̀ ni. Ẹ dojú àga dé, ẹ fi òòlù onírọ́bà lu ẹsẹ̀ rẹ̀ yí po títí á fi bọ́, ẹ wá fi sípánà páìpù yí ọ̀pá náà kúrò lábẹ́ ìjókòó. Kò sí ṣíkúrù níbẹ̀, ó kàn há ni. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ mìlímítà 50 nísàlẹ̀ àti 28 lókè. Ẹ wọn tiyín kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà, kẹ́ ẹ sì béèrè ìpele kẹrin (class 4), òun ni irin rẹ̀ nípọn jù. Bí owó ò bá tíì sí, ẹ gbé àga sí ibi tó bá yín mu, ẹ la páìpù PVC ní gígùn, kẹ́ ẹ fi há ara ọ̀pá tó ń dán, kó dí i kó má lè wálẹ̀. Kò ní lọ sókè sódò mọ́, àmọ́ ẹ ó rí i lò.

Ọ́fíìsì kan fẹ́ kí n fi awọ ewúrẹ́ Ọ̀yọ́ bo àga àwọn òṣìṣẹ́. Ṣé ó dáa ju rẹ́síìnì (awọ oníke) lọ?
*Oníṣẹ́ awọ, Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́*

Ó dáa jù ú lọ dáadáa. Rẹ́síìnì kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ, ooru àti ọ̀rinrin wa sì máa ń bó ojú rẹ̀ bí èèpo. Ṣùgbọ́n awọ ewúrẹ́ tín-ín-rín jù fún ìjókòó. Ẹ fi sí ẹ̀yìn àti ìgbápálé, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọnà yín ti máa hàn. Fún ìjókòó, awọ màlúù tó nípọn ju mìlímítà 1 lọ, tàbí aṣọ híhun tó le. Bí wọ́n bá mú òfì wá, ẹ̀yìn àga náà ni ààyè rẹ̀. Ìdí á ti já òwú rẹ̀ kó tó pẹ́.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń wúkọ́, ní pàtàkì bí a bá ń fá ìrókò. Mo ti ní kí wọ́n máa fi aṣọ bo imú.
*Ìyáálé onífọ́níṣọ̀, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́*

Mà, aṣọ ò dá eruku kéékèèké tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró dúró, òun ló sì ń ṣe wọ́n. Eruku ìrókò máa ń ta ojú, imú àti ara gan-an. Eruku igi lápapọ̀ náà wà nínú ohun tí IARC kà sí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, láti 1995, imú ló sì ń bá jà jù. Ẹ ra ìbòmú onírọ́bà méjì tí wọ́n kọ N95 tàbí FFP2 sí, kó mọ́ra ní ìdí imú. Bí irùngbọ̀n bá pọ̀, kò ní mọ́ra. Ẹ gbé ibi tí ẹ ti ń fi sáńdípépà fá igi sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé eruku jáde, kì í ṣe ibi tó ti ń gbé e wọlé. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbálẹ̀. Àṣà kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ fòfin dè lónìí: fífi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku kúrò lára aṣọ.

Ẹ lè fún àwọn olùsìn adìyẹ ní ìyẹ̀fun igi yín, ṣùgbọ́n ẹ má da ti MDF tàbí ti pákó tó ti jẹ oògùn mọ́ ọn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n dáná oúnjẹ.

Pákó pálẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi kó ẹrù wá láti òkè òkun kò wọ́n. Ṣé mo lè fi kan ṣẹ́ẹ̀fù ọ́fíìsì?
*Akẹ́kọ̀ọ́, LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ẹ wo òǹtẹ̀ tí wọ́n fi iná jó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, ìwọ̀n 56 lórí Celsius fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dé àárín igi. Ẹ lò ó. Tó bá jẹ́ MB, gáàsì olóró ni. Ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀, tàbí tí epo tàbí kẹ́míkà ti dà sí, ẹ fi òun náà sílẹ̀. Ẹ fa gbogbo ìṣó rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi sábẹ́ ẹ̀rọ ìfági, torí ìṣó kan ṣoṣo tó bá kù máa jẹ abẹ ẹ̀rọ náà.